Orsola Adàwékọ àti Àdúrà Ọba Rotbaldo

Ọdún tí wọ́n bí Orsola, odò Po kún kọjá bèbè rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi lọ gbé agbẹ̀bí wá. Kí agbẹ̀bí tó dé, ọmọ ti jáde, ó ti ké, ó sì ti sùn lọ. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé láti ọjọ́ náà gan-an ló ti hàn pé ọmọ yìí kò ní lè fara da ohunkóhun tó bá ń fa ara rẹ̀ gùn.

Àdúgbò àwọn apẹran ni ilé wọn wà nílùú Castelpioppo, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé kẹta sí tiwọn ni ti àwọn Barbazza, tí wọ́n ń ṣe sọ́séèjì ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ló bí Callisto, tí ayé padà wá ń pè ní Maestro Barbazza, ẹni tó ń kọ ópẹ́rà, eré orí ìtàgé tí orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede ọjà. Orsola fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Òun ló máa ń nu imú fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ fọ ìfun ẹlẹ́dẹ̀ létí odò. Imú náà kì í gbẹ, ìgbà òtútù ni o, ìgbà ooru ni o. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn ńlá tí Ọlọ́run fi sínú orí Maestro, Orsola á ní òun mọ gbogbo ohun tó ti inú orí yẹn jáde, nítorí òun ló ń nù ún.

Bàbá Orsola ló ń fẹ́ ẹwìrì tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọmọbìnrin rẹ̀ gba ọwọ́ ẹwìrì náà. Fadá Fulgenzio, tó ń tẹ dùùrù, gbà láti kọ́ Callisto ní orin, kí àwọn Barbazza máa gbé okùn sọ́séèjì kan wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Báyìí ni ọmọkùnrin náà ṣe ń jókòó níwájú dùùrù, tí Orsola ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀, tí etí àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Nígbà tí Callisto máa fi mọ ìlà kan kà nínú ìwé orin, Orsola ti mọ mẹ́rin. Fadá kò mọ̀. Tó bá tiẹ̀ mọ̀, okùn sọ́séèjì mìíràn ni ì bá béèrè.

Orsola fẹ́ Gaspare Bedeschi, adàwékọ tíátà ìlú. Iṣẹ́ adàwékọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹni tó kọ ópẹ́rà á gbé ìwé ńlá kan ṣoṣo wá, tó wúwo bí itan ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo orin á sì wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Adàwékọ ni yóò jókòó tì í, tí yóò yọ ti onígòjé sọ́tọ̀ fún onígòjé, ti onífèrè fún onífèrè, ti olórin kọ̀ọ̀kan fún olórin kọ̀ọ̀kan. Ohun tí adàwékọ bá kọ fún ọ ni wàá kọ lórin. Ìwé ńlá yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣí i wò.

Gaspare jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ ó fẹ́ràn wáìnì ju aya lọ, ó sì sọ ọ́ fún un kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, kó má baà dà bíi pé òun tan án jẹ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n débi pé àmì orin tó bá kọ máa ń dà bí eṣinṣin tó bọ́ sínú ọbẹ̀. Orsola gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ń kọ ọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì ń gbé e lọ sí tíátà bíi pé òun ló ṣe é. Nígbà tí Gaspare kú, Tebaldo Ricchini, ọ̀gá tíátà, wá kí opó àti Zelinda, ọmọbìnrin tó bí fún Gaspare. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìyá Zelinda, àdánù ńlá ni. Níbo la ti fẹ́ rí ọwọ́ tó mọ́ báyẹn mọ́?"

Orsola na ọwọ́ méjèèjì sí i lórí tábìlì. "Òun rèé," ó ní. "Ẹ wò ó dáadáa. Kò tíì kú."

Bó ṣe di adàwékọ tíátà nìyẹn.

Callisto ní tirẹ̀ ti lọ kàwé ní Bologna, ó ti padà dé pẹ̀lú fìlà gíga, ọ̀pá ìtilẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ rí. Gbogbo ìlú ń pè é ní Maestro, ìyẹn ọ̀gá orin. Orsola náà a máa pè é bẹ́ẹ̀ níta, a sì máa fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Nínú ilé ìdáná rẹ̀, Callisto ni, ìwọ sì ni.

Ópẹ́rà mẹ́fà ni Maestro kọ́kọ́ kọ, ìlú sì súfèé ẹ̀gàn lé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn apẹran àti àwọn aránbàtà, tí wọ́n máa ń jókòó sórí àga òkè pátápátá nínú tíátà, ló ni súfèé yẹn, wọn kì í sì í fi ṣeré. Èyí àkọ́kọ́ dá lórí ìkún omi ìgbà Nóà. Ó gba wákàtí márùn-ún. Nígbà tó di wákàtí kẹta, ẹnì kan pariwo láti òkè pé ti Nóà fúnra rẹ̀ yá ju èyí lọ. Èyí kejì dá lórí ọmọbìnrin ọba kan tó gbé májèlé jẹ ní apá kìn-ín-ní, tó sì ń kọrin títí dé òpin apá kẹta. Ṣé wọ́n ti bu omi la májèlé náà ni? Nínú èyí kẹta, wọ́n mú ẹṣin gidi wá sórí ìtàgé. Ẹṣin náà ṣe ohun tí ẹṣin máa ń ṣe, òun nìkan ni wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta tó kù kò ní ẹṣin.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, Maestro á wọ abẹ́ aṣọ ìbora fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ á gbé omi ẹran wá bá a.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ará ìlú yìí," Maestro á wí látinú ìrọ̀rí.

"Má bú ẹlẹ́dẹ̀," ìyá rẹ̀ á dáhùn. "Ẹlẹ́dẹ̀ ló rán ọ lọ sí Bologna. Dìde mu ọbẹ̀."

Orsola mọ ohun tó ń ṣe ópẹ́rà wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo orin kan ní ọ̀nà mẹ́tàlélógún, ọwọ́ rẹ̀ á sọ fún un ibi tí orin ti dùn àti ibi tó ti kú. Callisto mọ orin ṣe. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, bí àlejò tó ti dìde, tó ti dé fìlà, tó ti kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí kan.

Èyí keje ni Ọba Rotbaldo. Tebaldo Ricchini sọ fún Maestro gbangba pé tí wọ́n bá tún súfèé lé èyí, kó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ kó máa ki ẹran sínú ìfun. Ọjọ́ ọjà ńlá oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ṣe é, ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ará oko bá ti ta màlúù wọn tán, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á jókòó sí. Maestro parí ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì Orsola, ó sì sọdá odò lọ wá obìnrin olórin olóhùn òkè kan tí wọ́n ní ó ń gbé ní ìlú tó wà lódì kejì. Kò rí obìnrin náà. Àrùn onígbáméjì ni ó rí. Ó bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà lọ́jọ́ tí Maestro wọ ibẹ̀, àwọn ṣọ́jà sì dí ojú odò pa. Wọ́n kó gbogbo àlejò sínú ilé àwọn tó ń sun bíríkì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Maestro bá ara rẹ̀ láàárín oníṣòwò wàràkàṣì méjì, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ọkùnrin kan tó ń ta irun àtọwọ́dá.

Orsola jókòó ti Ọba Rotbaldo. Apá kìn-ín-ní dára, ó gùn díẹ̀. Apá kejì dára, ó gùn púpọ̀. Nígbà tó dé apá kẹta, ó pàdé àdúrà ọba.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí. Àwọn ọ̀tá ti dé ẹnu ibodè. Iná ti ń jó òrùlé. Wọ́n ti ń wọ́ ìyàwó ọba lọ. Ọba pè fún idà rẹ̀, wọ́n gbé e fún un, ó gbà á. Ó wá fi í lélẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ilẹ̀ rẹ̀, ó gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀, ó gbàdúrà fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó gbàdúrà fún àwọn ọ̀tá. Ó gbàdúrà fún ẹṣin. Ojú ìwé méjìdínlógójì.

Lọ́jọ́ tí Orsola fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà yìí, Zelinda ọmọ rẹ̀, tó ti di ọmọ ogún ọdún, gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà lé orí ìwé náà láìwo ibi tó ń gbé e lé. Nígbà tí Orsola máa fi gbé ìkòkò kúrò, omi ẹ̀wà ti lẹ ojú ìwé mọ́ra wọn. Kò fura. Ó ń kọ lọ, láti ibi tí ọba ti gba idà, bọ́ sí ibi tí ibodè ti wó. Ó ń fi ẹnu kọ orin náà wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Ara rẹ̀ dìde. Ó pe Zelinda.

"Gbọ́ èyí." Ó kọ ọ́ fún un.

Zelinda gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ó ga o. Ṣé Maestro ló kọ ìyẹn?"

"Èmi náà ń bi ara mi."

Ìgbà yẹn ni ó wo nọ́ńbà ojú ìwé, tó rí i pé nǹkan kò tò. Ó fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí àwọn ewé tó lẹ̀ mọ́ra, ó ka àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ti ẹṣin. Lẹ́yìn náà ó tò wọ́n jọ, ó fi okùn dì wọ́n, ó kó wọn sínú àpótí aṣọ Gaspare.

"Màmá," ni Zelinda wí, "ìwé onítọ̀hún nìyẹn."

"Mi ò jí i. Mo bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

Ẹni tó bá ti já ọ̀já ẹyọ kan lára aṣọ tó fún, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Orsola padà sí ẹ̀yìn. Ó yọ ijó àwọn darandaran ní apá kejì. Ó yọ ìránṣẹ́ kan tó wá ròyìn ohun tí gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí tán. Ibi tí ìyàwó ọba ti ń sọ pé ó dìgbóṣe nígbà méje, ó fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Ibi tí ó bá gé, ó so orí àti ìdí pọ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà kọsẹ̀. Kò fi àmì orin kan ṣoṣo tirẹ̀ kún un. Ohun tó kù, Callisto ló ni ín, láti òkè dé ilẹ̀.

Ní ìdánrawò, Eleuterio, olórí àwọn onígòjé, tó ń darí gbogbo wọn, yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. "Ìyá Zelinda, kò tíì tó wákàtí méjì. Ṣé ìyókù ń bọ̀ lọ́la?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

"Gbogbo ẹ̀? Ti Maestro Barbazza?"

"Àbí ẹ fẹ́ kí n lọ bá yín wá sí i?"

Eleuterio fi gòjé sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Rárá o," ó ní. "Ìyàwó mi ń retí mi nílé."

Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ̀rù rẹ̀ ba Orsola ni Onofrio Squarza, tó máa ṣe ọba, nítorí kò sí olórin tó fẹ́ kí wọ́n gé orin òun. Onofrio jẹ́ ọkùnrin gbàǹgbà, ohùn rẹ̀ nípọn bí ààrá, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ìdánrawò, ó wá bá Orsola ní kọ̀rọ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé mo ní àdúrà kan," ó ní.

"Ẹ ní in tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà á?"

"Ìkúnlẹ̀ ni. Ó tó ogún ìṣẹ́jú."

Onofrio wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó mú ọwọ́ opó náà, ó fi ẹnu kò ó. "Kí Ọlọ́run bù kún yín, Màmá," ó ní, ó sì lọ.

Lẹ́tà ń wá láti ilé bíríkì. Ọtí kíkan ni wọ́n máa ń rẹ wọ́n sí kí àrùn má baà bá wọn sọdá, tí Orsola bá ti ń ṣí i, omi á dà lójú rẹ̀. Zelinda rò pé àánú Maestro ló ń ṣe é. Maestro béèrè pé báwo ni àdúrà ọba. Orsola fèsì pé, "Ó wà ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tó ráhùn nípa rẹ̀." Maestro kọ̀wé padà pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé àdúrà náà ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ ọjà pé. Tíátà kún dẹ́nu. Àwọn ará oko gbé adìẹ tí wọn kò rí tà wọlé. Àwọn apẹran gun òkè lọ, wọ́n ti tọ́ ètè lá ní ìmúrasílẹ̀ fún súfèé. Apá kìn-ín-ní parí, wọn kò tíì súfèé. Wọ́n ń wo ara wọn. Apá kejì parí, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ó yà á lẹ́nu, ó tún pa á. Nígbà tí apá kẹta bẹ̀rẹ̀, adìẹ nìkan ló kù tó ń pariwo.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ mọ́kànlélógún Maestro pé. Ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó sọdá, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdó ọkọ̀, irùngbọ̀n ti bo gbogbo ẹnu rẹ̀, òórùn ọtí kíkan ń ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó gba ẹ̀yìn wọ tíátà lásìkò tí iná orí ìtàgé ń ràn, tí ọba ń pè fún idà. Maestro dúró lẹ́yìn, ó ń retí àdúrà. Onofrio gba idà. Ó gbé e sókè. Kò fi í lélẹ̀.

"Kúnlẹ̀," ni Maestro wí.

Ibodè wó. Ọba fò sáàárín àwọn ọ̀tá, bí ọkùnrin ọgọ́ta ọdún ṣe lè fò.

"Kúnlẹ̀ jàre, ìwọ ọkùnrin yìí."

Obìnrin alátajà kan tó gbé adìẹ lé itan yíjú sí i. "Ìwọ abirùngbọ̀n, dákẹ́. Tó o bá fẹ́ kúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ lódì kejì."

Ọba kú. Wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá lórí òkú rẹ̀, ó kọ ìdágbére rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aṣọ ìtàgé sì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkè bú sẹ́kún àti àtẹ́wọ́. Apẹran kan tó tóbi bí akọ màlúù ń fi épírọ́ọ̀nù nu ojú. Wọ́n ń pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Tebaldo Ricchini rí Maestro lẹ́yìn, ó nawọ́ sí i, kó tó di pé ó sọ̀rọ̀ kan, wọ́n ti gbé e sí èjìká. Ọkàn Maestro ń bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ba. Ìgbà mẹ́rìnlá ló tẹ̀ba fún àwọn èèyàn náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé ìdáná Orsola.

"Àdúrà mi dà?"

"Ó wà nínú àpótí ọkọ mi. Mo fi ewé gbígbẹ sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Jókòó."

"Mi ò jókòó. O pa mí. Ta ni ó fún ọ láṣẹ? Ṣé ìwọ adàwékọ lásánlàsàn..."

"Mo fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ o, Callisto. Ẹ̀yin ni o máa ń pè mí."

Maestro fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ pa mí," ó ní.

"Èwo nínú òkú ni wọ́n máa ń gbé lé èjìká tó ń tẹ̀ba?"

"Àwọn èèyàn yẹn kò mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Tí wọ́n bá gbọ́ odindi rẹ̀, wọn ò bá sunkún jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìyẹn dá mi lójú," ni Orsola wí.

Maestro ní gbogbo ohun tó gé, kó dá a padà, títí dé orí àmì tó kẹ́yìn, kí wọ́n lè ṣe é ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Orsola kò bá a jiyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun àti Zelinda jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin, ìka wọn wú, wọ́n dá àwọn darandaran padà, wọ́n dá ìránṣẹ́ padà, wọ́n dá àdúrà padà, wọn kò fi ẹṣin sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú náà, àwọn tó ti wá lẹ́ẹ̀kan mú ẹbí wọn wá. Wọ́n fi sùúrù wo àwọn darandaran. Wọ́n gbọ́ ìránṣẹ́. Nígbà tí ọba fi idà lélẹ̀ tó kúnlẹ̀, tó dé orí àdúrà fún bàbá rẹ̀, ohùn kan wá láti òkè, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run ti gbọ́," ó ní. "Dìde."

Súfèé bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé Onofrio fẹ́ dìde lóòótọ́, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Ṣọ́jà ọ̀tá méjì ní láti wọlé ṣáájú àkókò wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá ọba, wọ́n gbé e dúró, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún un pé kó má bínú, kí wọ́n tó pa á.

Maestro kò wọ abẹ́ aṣọ ìbora lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn Orsola, ó sì dúró títí wọ́n fi ní kó wọlé. Ó bọ́ fìlà gíga rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí igi.

"Ìyá Zelinda," ó ní, "ojú ìwé wo àti ojú ìwé wo lẹ kọ́kọ́ yọ?"

Orsola fà á jáde, ó fi hàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn Maestro á dì mọ́ ìwé kan bí ìyá tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, Orsola á ní, "Fi sílẹ̀," òun á sì fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe Ọba Rotbaldo, ó di ohun tí wọ́n ń kọ ní ìsọ̀ ẹran. Kó tó di ọdún tuntun, ìlú mẹ́ta ti ránṣẹ́ pè é.

Láti ìgbà náà, ọdún méjìlélógún gbáko, níbikíbi tí Maestro bá wà, yálà ó wà ní Bologna tàbí Napoli, ìwé ńlá rẹ̀ á kọ́kọ́ gba Castelpioppo kọjá. Lẹ́tà pélébé ló máa ń bá a wá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: "Bá mi fá a." Orsola á fá a. Maestro di olókìkí, ikùn rẹ̀ yọ, ìyàwó ọlọ́lá kan fi àmì wúrà kọ́ ọ lọ́rùn. Níbi àsè kan ní Napoli, ó dìde, ó sọ fún àwọn èèyàn ńlá pé gbogbo ọgbọ́n orin kíkọ kò ju kí èèyàn mọ ohun tí yóò fi sílẹ̀ láìkọ. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà. Zelinda kà á sókè nílé ìdáná, Orsola rẹ́rìn-ín títí tó fi há a ní ọ̀fun, wọ́n ní láti gbá a lẹ́yìn.

Ẹnì kan ti bi í rí bóyá kò dùn ún pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ó ní ó sàn kí wọ́n súfèé lé ọmọ ẹlòmíràn.

Àmọ́ Orsola náà ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, ìtàn rẹ̀ kò pé tí wọn kò bá sọ ìyẹn. Nínú ópẹ́rà kejìlá, obìnrin arúgbó kan wọlé, ó kọ orin kékeré kan tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó jáde, a kò sì rí i mọ́. Kò kan ìtàn rárá. Orsola yọ ọ́ láìronú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà yẹn ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ gígé débi tó fi gbà pé òun kò lè gé ohun tó yè. Ópẹ́rà náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n Maestro kò kọ lẹ́tà, odindi ọdún kan. Zelinda ló gbọ́ ìdí rẹ̀ ní ìsọ̀ sọ́séèjì: ìyá Maestro ti kú nígbà òtútù, orin tó fi máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni, ó fi sínú iṣẹ́ náà kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ẹnu ẹnì kan.

Orsola kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ó dá orin náà kọ sínú gbogbo ìwé mẹ́tàlélógún fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí Zelinda fọwọ́ kàn án, ó kó wọn ránṣẹ́ sí Napoli pẹ̀lú lẹ́tà kan: "Callisto, mi ò mọ̀. O ò bá ti sọ." Ó dúró fún èsì bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Èsì náà dé lẹ́yìn oṣù méjì: "Ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lórí ilẹ̀ ilé wa." Lẹ́yìn ìyẹn, kó tó gé ohunkóhun, Orsola máa ń kọ̀wé béèrè. Iṣẹ́ wá falẹ̀, wọ́n sì ń jà sí i nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ Zelinda lọ́rùn pé ìyá òun ti ní ẹni tí yóò máa bá jà.

Nígbà tí Maestro di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó padà wálé. Ó kọ ọ̀kan sí i. Kò sí ọba nínú rẹ̀, kò sí ogun, kò sí májèlé. Ó dá lórí ọkọ àti aya kan tó ni ọkọ̀ ìsọdá lórí odò, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn èrò ọkọ̀ ló ń bá wọn jíṣẹ́ fún ara wọn. Ẹ̀rín ló wà nínú ẹ̀. Ó gbé e wá fún Orsola fúnra rẹ̀, ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Mélòó lẹ yọ?"

"Mi ò yọ nǹkan kan."

Maestro gbé awò ojú wọ̀. "Ẹ ti darúgbó, Ìyá Zelinda. Ẹ ò ríran mọ́."

"Mo ríran tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ tó ṣí. Mo ní kò sí nǹkan tí mo yọ."

Kò gbà á gbọ́. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń ka ojú ìwé orin náà, ó ń fi itọ́ ṣí i, ó ń fi ti onígòjé wé ti onífèrè, ó ń fi gbogbo rẹ̀ wé ìwé ńlá. Orsola ń ṣa ẹ̀wà pòpòńdó lọ. Nígbà tó kà á tán, gbogbo rẹ̀ pé. Maestro tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó pé," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú ẹ̀?"

Orsola nu ọwọ́, ó ṣí ibi kan fún un, níbi tí aya náà ti ń gbàgbé pé òun kò bá ọkọ òun sọ̀rọ̀, tó béèrè bóyá ó ti jẹun. Kò tó ojú ìwé kan.

"Inú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni mo ti kọ ìyẹn," ni Maestro wí. "Inú ń run mí. Mo ń sáré kọ ọ́ kí wọ́n tó dúró."

"Nígbà náà, à bá ti máa fún ọ ní nǹkan tó ń run inú láti ọjọ́ yìí wá."

Wọ́n ṣe ópẹ́rà náà ní ìgbà ìrúwé. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò súfèé. Àwọn èèyàn lọ sílé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ tọkọtaya sì di ọwọ́ ara wọn mú, èyí tí a kì í sábà rí ní Castelpioppo. Maestro kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Orsola lo ọdún márùn-ún sí i. Ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, Zelinda ló wá ń da ìwé kọ, Orsola ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ní kí ó fi ẹnu kọ orin náà sókè kí òun gbọ́.